Kò Gbọdọ̀ Tanná, Kò Gbọdọ̀ Yadi: Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀ Pèpéle Epo Inú Òkun

Abẹ́òkúta jìnnà sí òkun. Odò Ògùn ló la ìlú wa kọjá, òun náà sì ń wá ọ̀nà ọ̀sà Èkó lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó wọlé sí ojú ìwé yìí fi hàn pé ọmọ Ẹ̀gbá tó ń ṣiṣẹ́ lórí pèpéle tí wọ́n ti ń wa epo àti gáàsì láàárín òkun kò kéré. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ń béèrè, àwọn tó ń múra àtilọ ń béèrè, àwọn tó ń bá wọn tún irinṣẹ́ ṣe náà ń béèrè. Ohun méjì ni ẹ óò máa bá pàdé nínú ìdáhùn wa: ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ tanná sí gáàsì, kò sì gbọdọ̀ yadi lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan yòókù bá bàjẹ́. Ti àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ra epo ní ilé epo rí. Ti ìkejì la fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin rí iṣẹ́ sórí pèpéle epo. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni òun óò máa lò níbẹ̀, àti pé òun kò lè mú fóònù jáde kúrò níbi tí wọ́n ń sùn. Ọkàn mi kò balẹ̀. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílé ńkọ́? — Ìyá aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Wọn kò fìyà jẹ ẹ́ o. Èyí tó pọ̀ jù nínú gáàsì tó ń bá epo jáde nínú ilẹ̀ ni methane. Bí methane bá ti tó nǹkan bí 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibì kan, ẹ̀ta iná kékeré lè mú un bú gbàù. Agbára tí ẹ̀ta iná náà nílò kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta mílíjúùlù. Èyí tó máa ń ta yín lọ́wọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kan irin nígbà ọyẹ́ lè jù ú lọ dáadáa.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé fóònù wo ló ti mú nǹkan bú rí. Ìbéèrè náà kọ́ nìyẹn. Fóònù tí a ń rà ní ọjà, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní ta iná tó bá já bọ́, tí bátìrì rẹ̀ sì mì kúrò láyè rẹ̀. Lórí pèpéle, ohun tí kò bá ti ní ìwé ẹ̀rí pé kò léwu, eléwu ni wọ́n kà á sí.

Wọ́n pín ibi iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí gáàsì ṣe lè wà níbẹ̀. Zone 0 ni ibi tí gáàsì wà nígbà gbogbo tàbí fún ìgbà pípẹ́, bí inú táǹkì. Zone 1 ni ibi tó ti lè yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ ń lọ geerege. Zone 2 ni ibi tí kò yẹ kó dé, tó bá sì dé, kì í pẹ́. Ibi tí ọmọ yín ń sùn kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ sínú rẹ̀ kí gáàsì má bàa ráyè wọlé. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi lè wà níbẹ̀, tí kò sì fi gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Nípa pé kí ẹ rí i bá sọ̀rọ̀: lórí ọ̀pọ̀ pèpéle, Wi-Fi wà níbi tí wọ́n ń gbé, tẹlifóònù tó ń gba orí sátẹ́láìtì sì wà pẹ̀lú. Kó tó lọ, ẹ gba nọ́ńbà mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: ti ọ́fíìsì pàjáwìrì iléeṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀, ti ọ̀gá rẹ̀, àti ti ẹni tó gbà á síṣẹ́ bí kì í bá ṣe iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbà á. Ẹ kọ orúkọ pèpéle náà sí i, kí ẹ sì kọ orúkọ ọmọ yín bó ṣe wà lórí káàdì iṣẹ́ rẹ̀, nítorí bí ẹ bá béèrè “Ṣẹ́gun” nígbà tí káàdì ń sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó gbé fóònù lè máà mọ ẹni tí ẹ ń wá. Ẹ lẹ bébà náà mọ́ ògiri, ẹ má fi sínú fóònù nìkan.

Bí ẹ bá pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò lọ, ẹ má sáré sunkún. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ohun abúgbàù lu ihò sára páìpù inú kànga, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń tan ohun tó ń mú un bú. Wáyà rẹ̀ lè gba agbára rédíò bí ìgbà tí eriali bá gbà á, kó sì bú kó tó tó àkókò. Nítorí náà wọ́n á pa gbogbo rédíò tó ń fọhùn jáde títí ohun abúgbàù náà yóò fi sọ̀ kalẹ̀ jìnnà nínú kànga, ọkọ̀ ojú omi àti hẹlikọ́pítà tó wà nítòsí náà á sì gba ìkìlọ̀. Wákàtí bíi mélòó kan ni, ó sì ń parí.

Wọ́n gbé wọ́kítọ́kí kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó ni ín ní ti orí pèpéle epo ni, pé bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ mọ́. Mo kà á lẹ́yìn rẹ̀: Ex ib IIC T4 Gb. Mo ní sẹ́ẹ̀lì lithium tó bá a mu rẹ́gí. Ṣé kí n tú bátìrì náà kí n pààrọ̀ èyí tó wà nínú rẹ̀? — Oníṣẹ́ fóònù àti rédíò, Pansẹ́kẹ́

Ẹ má ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. A kò fojú tín-ín-rín iṣẹ́ ọwọ́ yín. Sẹ́ẹ̀lì náà á ṣiṣẹ́, rédíò á sì máa sọ̀rọ̀ ketekete. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn: ohun tí ẹ bá bà jẹ́ nínú rẹ̀ kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni títí gáàsì yóò fi dé.

Ẹ jẹ́ ká ka àmì yẹn. “Ex” ni pé wọ́n ṣe é fún ibi tí gáàsì abúgbàù lè wà. “i” ni ọ̀nà ààbò rẹ̀: iná tó ń lọ nínú rẹ̀ mọ níwọ̀n débi pé, bí wáyà méjì bá tilẹ̀ kan ara wọn, ẹ̀ta tó bá jáde kò ní lágbára láti tan gáàsì. “b” ni pé ààbò yẹn á dúró bí nǹkan kan bá bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ náà. Ti “ia” á dúró bí nǹkan méjì bá bàjẹ́ pọ̀, òun ni wọ́n lè gbé wọ Zone 0. “ic” kò ṣèlérí nǹkan kan lẹ́yìn ìbàjẹ́, Zone 2 nìkan ló wà fún.

“IIC” ni irú gáàsì tó lè dojú kọ. IIA ni ẹgbẹ́ gáàsì bíi propane, IIB ni ti ethylene, IIC sì ni ti háídrójìn àti gáàsì kábáàdì tí àwọn oníwẹ́dà ń lò, àwọn tó rọrùn jù láti tàn. Ohun tó bá tó fún IIC tó fún àwọn tó kù. “T4” ni pé kò sí ibì kan lára rẹ̀ tí yóò gbóná ju 135 lórí ìwọ̀n Celsius, kódà tó bá bàjẹ́. “Gb” ni pé ó yẹ fún Zone 1. Ẹ wo bóyá lẹ́tà X wà ní ìparí nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Tó bá wà, ó ní àwọn àṣẹ kan tó rọ̀ mọ́ lílò rẹ̀, inú ìwé ẹ̀rí náà ni ẹ óò ti kà á.

Ó wá ku bátìrì. Tí ẹ bá tú u, ẹ óò bá sẹ́ẹ̀lì, fiúsì, résístọ̀ àti àwọn ohun kéékèèké mìíràn, tí wọ́n da ohun bíi góòmù lé lórí tó ti gan bí òkúta. Kì í ṣe nítorí àwọn tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ṣe dà á. Góòmù yẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan ibi tó lè ta iná, òun náà ló sì di àlàfo tó wà láàárín ojú wáyà kan sí èkejì mú. Bí abẹ bá ti họ ọ́, ààbò ti lọ. Sẹ́ẹ̀lì lithium tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá pàdé lè tú iná tó pọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Résístọ̀ ló ń dì í lọ́wọ́. Iye résístọ̀ náà, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Tí tiyín bá lágbára jù ú lọ, résístọ̀ kan náà kò tó mọ́, ó sì lè gbóná kọjá 135. Irin tí ẹ rí nísàlẹ̀, tí ṣájà ń kàn, ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jẹ́ kí iná wọlé tí kì í jẹ́ kó jáde. Bí ẹ bá yọ ìyẹn lásìkò tí ẹ ń jó wáyà, kọ́kọ́rọ́ inú àpò òṣìṣẹ́ lè so irin méjì náà pọ̀, kó sì ta iná lábẹ́ ìbàdí rẹ̀.

Bátìrì ọjà tó bá wọ̀ ọ́ wẹ́kú náà kò yẹ. Rédíò àti bátìrì pọ̀ ni wọ́n fún ní ìwé ẹ̀rí, orúkọ àwọn bátìrì tí wọ́n fọwọ́ sí sì wà nínú ìwé tó bá rédíò wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni eriali, èèpo òde, àpò aláwọ, gbohùngbohùn àyà, títí kan síkírù. Èèpo oníke tí a bá fi aṣọ gbígbẹ nù gírígírí lè kó iná ìfọwọ́rá jọ. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni ẹ fi nù ún.

Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dá a padà láìtú u, kí ẹ sọ fún oníbàárà pé kó ra bátìrì tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, tàbí kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún irú rẹ̀ ṣe ní ìlànà IEC 60079-19 (IEC ni àjọ tó ń ṣe ìlànà ohun èlò iná mànàmáná lágbàáyé). Tí ẹ bá ti tú u kí ẹ tó ka èyí, ẹ sọ ọ́ fún un ní tààràtà, ẹ fi nǹkan pa àmì Ex ara rẹ̀ rẹ́. Rédíò náà ṣì wúlò fún ọlọ́dẹ àdúgbò lórí ilẹ̀. Kò tún gbọdọ̀ padà sórí òkun mọ́. Ojú kì í tì wá láti sọ ọ́ léraléra: oníṣẹ́ tó kọ iṣẹ́ yìí kò pàdánù oníbàárà, ẹ̀mí ló gbà là.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó níbẹ̀: kí ẹ tó jáde, ẹ wo èèpo rẹ̀ bóyá ó ti sán, ẹ wo eriali, ẹ wo bóyá bátìrì dì mú ṣinṣin, bóyá ìdérí ojú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní pípa dé, bóyá àmì rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ẹnì kan kó dá yín lóhùn. Ìlànà IEC 60079-17 ní kí irú ohun ìfọwọ́gbé bẹ́ẹ̀ gba àyẹ̀wò tímọ́tímọ́ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láàárín oṣù 12, ibi bátìrì tí a máa ń ṣí déédéé sì gba àyẹ̀wò kíkún láàárín oṣù 6. Ibi tí kò sí gáàsì nìkan ni ẹ ti ń pààrọ̀ bátìrì tàbí tí ẹ ti ń ṣájì rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń sọ pé agbára rédíò tó ń fọhùn jáde náà lè léwu, láìka ti bátìrì? Ṣebí afẹ́fẹ́ lásán ló ń gbà. — Akẹ́kọ̀ọ́, Pólì Òjéèrè

Afẹ́fẹ́ ló ń gbà, ṣùgbọ́n irin ń gbà á mú. Apá kireni, páìpù àti okùn irin tó ká bíríkítí lè ṣe bí eriali. Bí ibi tí irin méjì ti pàdé níbẹ̀ bá ṣí díẹ̀, ẹ̀ta iná lè wáyé. Nítorí náà IEC 60079-0 fi ààlà sí i: 6 W (wáàtì) fún gáàsì ẹgbẹ́ IIA, 3.5 W fún IIB, 2 W fún IIC. Ẹ ṣàkíyèsí pé agbára tí eriali fi kún un wà nínú iye yẹn, kì í ṣe ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ nìkan. Ẹni tó bá gbé eriali tó gùn sórí rédíò 2 W nítorí kó lè jìnnà sí i ti kọjá ààlà láìmọ̀.

Wọ́n gbà mí gẹ́gẹ́ bí oníná. Lára iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni sípíkà àti aláàmù tí wọ́n ń pè ní PAGA. Mo ti ṣe sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí rí. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? — Oníná, Àsẹ̀rọ̀

Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ilé ń jó ni wọ́n ra èyí fún. Ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1988, gáàsì bú lórí pèpéle Piper Alpha ní Òkun Àríwá, lẹ́bàá Scotland. Ìbúgbàù àkọ́kọ́ ba yàrá àkóso jẹ́. Kò sí ìkéde kankan tó jáde lórí sípíkà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kóra jọ sí ibi tí wọ́n ń gbé, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, wọ́n ń dúró de ohùn tí yóò sọ ohun tí wọn óò ṣe, èéfín sì bá wọn níbẹ̀. Ènìyàn 167 ló kú; 61 ló yè. Adájọ́ Lord Cullen ló darí ìwádìí rẹ̀, àbá 106 ló sì fi sílẹ̀ ní 1990. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹ bá ń gun àkàsọ̀ lọ síbi sípíkà kan tí ẹnikẹ́ni kò ka ìbàjẹ́ rẹ̀ sí.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni PAGA fi jẹ́ méjì, A àti B. Amplifier A wà ní yàrá kan, B wà ní yàrá mìíràn. Iná tó ń gbé wọn yàtọ̀, bátìrì wọn yàtọ̀, ọ̀nà tí wáyà wọn gbà yàtọ̀. Sípíkà A kan, sípíkà B kan, ni wọ́n tò wọ́n káàkiri. Tí iná bá jó gbogbo A, B ṣì ń sọ̀rọ̀ níbi gbogbo. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà àtúnṣe ni kí oníná gba wáyà B kọjá lórí àtẹ wáyà A nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ yá. Lójú, iṣẹ́ ti parí. Ní òótọ́, ẹ̀rọ méjì ti di ẹyọ kan. Wáyà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ nínú iná fún ìgbà díẹ̀, ti ìlànà IEC 60331, kó má sì máa rú èéfín olóró.

Bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ le tó: ìlànà IMO, àjọ ọkọ̀ ojú omi lágbàáyé, ní aláàmù kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 80 dB(A), ìyẹn ìwọ̀n ariwo, ó sì gbọ́dọ̀ fi 10 ó kéré tán ju ariwo ibẹ̀ lọ, ní yàrá ìsùn, 75 tó. Kò sì gbọdọ̀ kọjá 120. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Sípíkà tó ń pariwo 110 ní mítà 1 níwájú rẹ̀ á di 104 ní mítà 2, 98 ní mítà 4, 92 ní mítà 8, 86 ní mítà 16. Nígbàkígbà tí ibi tó jìnnà sí bá di ìlọ́po méjì, 6 ló ń dín. Bí ẹ̀rọ ibẹ̀ bá ń pariwo 80, aláàmù gbọ́dọ̀ tó 90. Ẹni tó wà ní mítà 8 á gbọ́ ọ. Ẹni tó wà ní mítà 16 kò ní gbọ́ ọ dáadáa, àfi bí sípíkà mìíràn bá wà nítòsí rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wọn ariwo, ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n pa á. Ní yàrá jẹnẹrétọ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ti di etí, ẹ má fi sípíkà bá ariwo jà: iná tó ń ṣẹ́jú ni kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Aláàmù tó ròkè kò túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó yéni. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ìró aláàmù gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ẹ dúró níbi tó jìnnà jù, kí ẹnì kan ka nọ́ńbà mẹ́wàá tí kò tò léra, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹni tó ń sá fún iná kò ní gbọ́ ọ jù yín lọ.

Àpótí sípíkà ìta sábà máa ń jẹ́ Ex d. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé kò jẹ́ kí gáàsì wọlé ni. Rárá o. Gáàsì lè wọlé, ó sì lè bú nínú rẹ̀. Àpótí náà le tó láti gbà á, ọ̀wọ́ iná tó bá gba ẹnu ìdérí jáde á sì ti tutù nínú àlàfo tóóró náà kó tó dé ìta. Nítorí náà ojú irin méjì tó pàdé yẹn ni gbogbo ààbò rẹ̀. Ẹ má fi ṣísù họ ọ́. Ẹ má kun ún ní ọ̀dà. Gírísì tí kì í gan nìkan ni kí ẹ fi pa á. Bóòtì kan tí kò sí, tàbí tí ẹ fi irú mìíràn rọ́pò, ti sọ gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ di òfo. Gland tó gba wáyà wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ Ex d náà, kí ìlà síkírù rẹ̀ wọlé ó kéré tán ìlà 5, kí ihò tí ẹ kò lò sì ní ohun ìdíhò tó ní ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe nylon àti téèpù.

Ohun tó sì máa ń ba sípíkà jẹ́ lójoojúmọ́, ẹ kò ní kà á nínú ìwé tó bá a wá. Akunlé ló máa ń kun ẹnu rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Àwọn oníṣẹ́ àkàbà máa ń fi tapólì bo iná tó ń ṣẹ́jú. Sípíkà tí ẹnu rẹ̀ kọ sókè á gba omi òjò, iyọ̀ á sì jẹ awọ inú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọlẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ á gbàgbé láti yí ibi tí wọ́n ti ń yan agbára rẹ̀, ó yẹ kó wà ní 15 W, ó fi í sílẹ̀ ní 2 W. Wáyà náà dáa, iná orí àtẹ àkóso sì tutù yọ̀yọ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Lẹ́yìn ìjàǹbá Deepwater Horizon ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, 2010, tó pa ènìyàn 11, ẹlẹ́rìí kan sọ níwájú àwọn oníwàádìí pé wọ́n ti dá aláàmù gbogbogbò dúró kó má máa dún fúnra rẹ̀, kó má bàa jí àwọn tó ń sùn láàárín òru. Bí aláàmù bá ń parọ́, ohun tó ń mú un parọ́ ni kí ẹ tún ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dá a dúró, kó fọwọ́ sí ìwé, kó kọ wákàtí tí yóò padà, kí ẹ sì gbé ẹnì kan síbẹ̀ tí yóò máa ṣọ́nà títí di ìgbà náà.

Obìnrin ni mí, oúnjẹ ni mo ń lọ sè níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní mọ aláàmù kan yàtọ̀ sí èkejì. — Òbántókò

Ẹ má bẹ̀rù, Mà. Kò ju mẹ́ta lọ. Bí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1995 ṣe tò ó nìyí, ọ̀pọ̀ pèpéle sì ń tẹ̀ lé e: ìró tó ń dún tó ń dákẹ́, tó ń dún tó ń dákẹ́, ni aláàmù gbogbogbò, iná ìyeyè á sì máa ṣẹ́jú. Ìró kan ṣoṣo tó ń lọ láìyí padà ni ti gáàsì olóró, pẹ̀lú iná pupa. Ìró tó ń lọ sókè sódò láìdákẹ́ ni pé kí ẹ múra láti fi pèpéle sílẹ̀. Lórí ọkọ̀ ńlá tó ń fa epo, ti ọkọ̀ ojú omi ni ẹ lè bá: fèrè kúkúrú méje, gígùn kan. Nítorí pé ó lè yàtọ̀, ìpàdé ìkíni káàbọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀ ni kí ẹ ti ní kí wọ́n lu gbogbo rẹ̀ fún yín kí ẹ gbọ́.

Ti ilé ìdáná tún ní nǹkan kan tó yẹ kí ẹ mójú tó. Fáànù tó ń fa èéfín ń pariwo, yàrá dídì tí ẹ ń kó ẹran sí sì nípọn. Lórí ọ̀pọ̀ pèpéle, wọ́n máa ń dán aláàmù wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ẹ wọ yàrá dídì, kí ẹnì kan tilẹ̀kùn mọ́ yín, kí ó dúró síta. Bí ẹ kò bá gbọ́ aláàmù, tí ẹ kò sì rí iná, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkíyèsí ààbò ní ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu nìkan.

Nígbà tí mo ṣe BOSIET, ẹ̀kọ́ ààbò àwọn tó ń lọ ṣiṣẹ́ lórí òkun, wọ́n fi rédíò ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà hàn wá, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò jẹ́ ká fọwọ́ kan bátìrì rẹ̀. Kí ló fà á? — Ìta-Òṣìn

Bátìrì yẹn kì í ṣe ti ṣájì. Wọ́n fi èdìdì dì í, kí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lè mọ̀ pé wọn kò tíì lò ó rí. Ó gbọ́dọ̀ lè gbé rédíò fún wákàtí 8, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìdá kan, tí ẹ ń gbọ́ ìdá mẹ́sàn-án. Bátìrì mìíràn tó ṣeé ṣájì wà fún ìdánrawò. Ẹni tó bá já èdìdì nítorí eré, ọjọ́ iná ló jí wákàtí 8 náà gbé. Rédíò náà gbọ́dọ̀ fara da omi ní ìjìnlẹ̀ mítà 1 fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ sì lè lò ó.

Ìkànnì 16, ìyẹn 156.8 MHz, ni ẹ óò fi ké gbàjarè: Mayday lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ pèpéle tàbí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, iye ènìyàn. Ẹ sọ ibi tí ẹ wà kí ẹ tó máa ròyìn iná, nítorí rédíò lè kú láàárín ọ̀rọ̀.

EPIRB, ẹ̀rọ ìké gbàjarè tó ń ké pe sátẹ́láìtì lórí 406 MHz, gbọ́dọ̀ lè ké fún wákàtí 48. Ohun tó ń tú u sílẹ̀ bó bá ti wọ omi tó ìwọ̀n mítà 1.5 sí 4, ọdún 2 ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ wà lára ibi tí ìfiránṣẹ́ á tọ̀ lọ: 657 ni nọ́ńbà ti Nàìjíríà, ibùdó tó ń gbà á wà ní Àbújá lábẹ́ NEMA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Bí wọ́n bá gbé EPIRB kúrò lórí ọkọ̀ kan sí òmíràn láìtún orúkọ rẹ̀ kọ, ọkọ̀ tó wà ní èbúté ni wọn óò máa wá.

Ṣé òfin Nàìjíríà tiẹ̀ ka gbogbo èyí sí? — Ìbarà

Ó kà á sí. Òfin epo rọ̀bì ti 2021 ló dá NUPRC, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó wíwa epo, sílẹ̀, òun ló ń bójú tó ààbò lórí pèpéle, ìlànà ààbò epo rọ̀bì ti 1997 sì wà ṣáájú rẹ̀. NCC, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà, ló ń fọwọ́ sí rédíò kó tó wọlùú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: òǹtẹ̀ NCC sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń fọhùn, kò sọ nǹkan kan nípa gáàsì. Ìwé ẹ̀rí Ex yàtọ̀. Tí àmì IECEx, ètò ìwé ẹ̀rí Ex lágbàáyé, bá wà lára ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí ojú ìwé IECEx lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó. Tí orúkọ ẹ̀rọ tó jáde kò bá bá ti ọwọ́ yín mu, ayédèrú ni.

Gáàsì ìdáná ni mo ń tà ní Adátán. Ṣé ó yẹ kí n ra irú wọ́kítọ́kí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi?

Kò pọn dandan. Gáàsì ìdáná wà ní ẹgbẹ́ IIA, nítorí náà rédíò IIA tó ní ìwé ẹ̀rí ti tó bí ẹ bá fẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n ohun tó wúwo ju afẹ́fẹ́ ni, kì í gòkè bíi methane. Ilẹ̀ ló ń bá lọ, ó sì ń kó sínú gọ́tà. Ẹ gbé tábìlì owó, POS àti fóònù kúrò níbi tí ẹ ti ń rọ gáàsì, sí apá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Kí oníbàárà sanwó kí wọ́n tó gbé sílíńdà rẹ̀ síwájú. Láti pe ara yín, fèrè oníke ni kí ẹ rà. Ẹ má lo agogo irin, nítorí irin tó ń lu irin lè ta iná.